Orin àti Ọkàn Akẹ́kọ̀ọ́ Lágbègbè Redemption Camp

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọkọ̀ a máa tò gbọọrọ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láti Ìbàfò dé Mówè. Redemption Camp ni ọ̀pọ̀ èrò inú wọn ń lọ, fún ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ tí ìjọ Redeemed ń ṣe láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Kí ìwàásù tó dé, orin ni yóò kọ́kọ́ gbòde: kuáyà, dùùrù, ìlù, fèrè, àti ohùn ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó ń kọrin pọ̀ bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Lóru ọjọ́ náà gan-an, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ládùúgbò kan náà tí wọ́n ki íàpíìsì bọ etí. Ọ̀kan ń gbọ́ orin ìjọsìn, ọ̀kan ń gbọ́ orin tàkasúfèé àwọn ọmọ ìgboro Èkó, ọ̀kan ń gbọ́ fújì, ọ̀kan sì dá dùbúlẹ̀, orin ẹni tí olólùfẹ́ kọ̀ sílẹ̀ ló ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́. Èwo nínú wọn ni orin ń ṣe lóore? Lágbègbè yìí, ìdáhùn kì í pẹ́ lẹ́nu àgbà: orin ẹ̀mí a máa tu ọkàn lára, orin ayé a máa ba ọkàn jẹ́. Mo gbà pé òótọ́ wà nínú ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí fi hàn, tí àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ sì ti mọ̀ tipẹ́, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ tí a pe orin kò tó láti sọ ohun tí yóò ṣe fún ọkàn. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi orin náà ṣe, àwọn tí wọ́n jọ ń gbọ́ ọ, wákàtí tó ń gbọ́ ọ, àti ibi tí orin náà já a sí nígbà tó bá parí, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ìdáhùn wà.

Àgbègbè yìí yẹ fún ìbéèrè náà. Olóògbé Josiah Akíndáyọ̀mí ló dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní 1952. Láti 1981 ni Pásítọ̀ Enoch Adébóyè, ẹni tó ti jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ti ń darí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọ náà rà létí ọ̀nà márosẹ̀ láwọn ọdún 1980 ti di ìlú tó ní ilé, ilé-ìwé, báńkì àti ilé-ìwòsàn tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Redeemer's ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kó tó kó lọ sí Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lónìí, Yunifásítì Mountain Top wà ní Ìbàfò, Yunifásítì Christopher wà ní Mówè. 2015 ni àwọn méjèèjì gbàwé àṣẹ. Bí a bá lọ síwájú lọ́nà Ṣágámù, a ó bá Babcock ní Ìlíṣàn àti Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè. Bí a bá gba ọ̀nà Ifọ̀ sọ̀ kalẹ̀, a ó dé Covenant àti Bells ní Ọ̀tà. Ìjọ ló dá púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ orin níbẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Ó wà nínú ìlànà ilé-ìwé, ó wà nínú ìjọsìn tó jẹ́ dandan, ó wà nínú ohun tí alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì lè ní kí wọ́n pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣòfin lórí orin ń ṣòfin dé inú ọkàn ọmọ ọlọ́mọ, ó sì tọ́ kó mọ ohun tí orin ń ṣe níbẹ̀.

Ká kọ́kọ́ wo ìrora tí a ń sọ. Ní 2018, àwọn oníwàádìí tó ń bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣiṣẹ́ gbé èsì jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì 19 ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, South Africa sì wà lára wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14,000. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi 35 ló ti ní àmì àìsàn ọpọlọ kan, ó kéré tán, rí láyé wọn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ló sì wọ́pọ̀ jù. Nàìjíríà kò sí nínú ìwádìí yẹn, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àgbègbè wa wà, ti wà nínú ìtàn yìí tipẹ́. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Arò l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń sọ pé orí ń gbóná àwọn, pé nǹkan ń rìn nínú agbárí, pé ojú ń ro àwọn, pé ìwé tí àwọn ń kà kò wọlé mọ́. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é. Àlàyé Prince ni pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tí òyìnbó gbé wá ń fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú ìwé, bẹ́ẹ̀ inú àwùjọ àjọṣe ni ọmọ náà ti wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó tẹ̀lé e ti bá a jiyàn gidi: ṣé àìsàn ọ̀tọ̀ ni, àbí àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ló gba ojú ara yọ? Ibi yòówù tí a bá dúró sí nínú ìjiyàn yẹn, kókó kan nínú àlàyé rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ fún wa: àdáwà. Ọmọ tí òbí ta ilẹ̀ láti rán lọ sí yunifásítì, tó jókòó ti ìwé tí kò wọlé, ń gbé ẹrù tí kò ṣe é sọ nílé. Orin ni alábàárìn tó sún mọ́ ọn jù, nítorí kò wọ́n, kì í sì í bi í pé kí ló dé.

Ìgbàgbọ́ pé ẹ̀yà orin kan ń ṣe ọpọlọ lóore ju òmíràn lọ gbilẹ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn 1993. Ní ọdún náà, Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Irvine jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ 36 gbọ́ orin dùùrù Mozart fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì rí i pé wọ́n ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò kan tó gba kí èèyàn máa fi ojú inú yí nǹkan po. Àǹfààní náà kò kọjá ìṣẹ́jú 10 sí 15. Àwọn oníròyìn ló sọ ọ́ di ńlá, débi pé ní 1998 gómìnà Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí ìjọba máa fún ìyá ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan ní orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ní 1999, Kristin Nantais àti Glenn Schellenberg rí i pé ẹni tó fẹ́ràn ìtàn àkàgbọ́ ju Mozart lọ ṣe dáadáa jù lẹ́yìn ìtàn. Ní 2001, Schellenberg, William Thompson àti Gabriela Husain fi Mozart tó yá gágá wé orin Albinoni tó falẹ̀, tó sì kún fún ìbànújẹ́. Mozart gbé akẹ́kọ̀ọ́ sókè, Albinoni kò gbé wọn. Nígbà tí wọ́n sì yọ ìyàtọ̀ inú dídùn àti ara yíyá kúrò nínú ìṣirò, àǹfààní Mozart pòórá. Ara tó yá àti inú tó dùn ló ti ń ṣiṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá kò ní láti kọjá òkun kí wọ́n tó mọ èyí. Ẹni tí wọ́n bá ń ki oríkì rẹ̀, orí rẹ̀ a wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì gbéra. Oríkì ẹlòmíràn, bó ti wù kó dùn tó, kò lè wú orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí etí tó ń gbọ́ ló ń mú agbára orin jáde. Ẹni tó bá fẹ́ fi orin ìlú òyìnbó wo àníyàn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé orin jùjú Ebenezer Obey ni bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà ti kan ilẹ̀kùn ilé onílé.

Orin tó le, tó ń pariwo, ńkọ́? Òun ni àwọn alábòójútó máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ní 2015, Leah Sharman àti Genevieve Dingle ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà kó àwọn olólùfẹ́ orin metal jọ, àwọn 39 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 34. Wọ́n kọ́kọ́ mú wọn bínú nípa níní kí wọ́n sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà, àwọn kan gbọ́ orin tí wọ́n fúnra wọn yàn, àwọn yòókù jókòó jẹ́ẹ́. Orin náà kò fi kún ìbínú wọn. Ìbínú àti ìnira ọkàn rọlẹ̀, àwọn tó gbọ́ orin sì tún sọ pé ara àwọn yá. Ìwádìí kékeré ni, àwọn tó ti fẹ́ràn orin náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì lò, a kò sì lè tìtorí rẹ̀ sọ pé metal jẹ́ àgbo ìbínú. Ohun tó kọ́ wa ni pé ariwo inú orin kì í ṣe ẹ̀rí ariwo inú ọkàn. Ká wo fújì. Inú wéré tí àwọn ọmọ mùsùlùmí fi ń jí èèyàn sí sáàrì nínú oṣù Ramadan ni Síkírù Àyìndé Barrister ti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi ń pè é ní orin ọmọ gáréèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò tó le, tó ṣí fújì tàbí orin ìgboro sókè, tí òun àti àwọn ará yàrá rẹ̀ sì jó títí òógùn fi bò wọ́n, ń ṣe ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Ìnira tó ti dì sí i lọ́rùn láti àárọ̀ ń bá ijó jáde. Bí a bá pa orin náà nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan, ìnira náà ṣì wà níbẹ̀, ọ̀nà àbájáde rẹ̀ nìkan ni a dí.

Ibi tí ewu ti máa ń sá pamọ́ jù ni orin ìbànújẹ́, nítorí kì í pariwo, kò sì rú òfin kankan. Sandra Garrido àti Emery Schubert ní Ọsirélíà ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ìdí tí èèyàn fi ń wá orin tó ń pa á lẹ́kún. Wọ́n rí i pé orin ìbànújẹ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn bákan náà: àwọn tó ní ìwà kí wọ́n máa ro ohun kan náà tún un rò ni ìrẹ̀wẹ̀sì wọn máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn irú orin bẹ́ẹ̀. Ìrònú yẹn ní orúkọ lédè wa. Àròkàn ni. Àwọn àgbà sì ti sọ pé àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún tó ń ríran ni àṣà wa fi orin kọ́. Lágbègbè Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó: ó ń fi ohùn tó dùn sọ ìbẹ̀rù rẹ̀, ó ń dágbére fún bàbá àti ìyá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e láti ojúlé dé ojúlé, àwọn òbí ń gbàdúrà sí i lórí. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sun ìrèmọ̀jé fún un. Orin ìbànújẹ́ pọ́ńbélé ni méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rù pé wọn yóò ba ọkàn jẹ́, nítorí wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní òpin, wọ́n sì ní ẹlẹ́rìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dá wà lábẹ́ aṣọ ìbora ní aago méjì òru, tí fóònù rẹ̀ ń gbé orin ìbànújẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn láìdúró, kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orin náà lè jẹ́ tàkasúfèé, ó lè jẹ́ jùjú, ó sì lè jẹ́ orin ẹ̀mí tó ń bẹ Ọlọ́run fún àánú. Bí kò bá lópin, tí kò sì lẹ́lẹ́rìí, àròkàn ló ń bọ́.

Níbí ni òótọ́ inú ìdáhùn àwọn àgbà Mówè àti Ìbàfò wà. Orin tí wọ́n ń kọ ní Camp kò mọ lórí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀: àkọpọ̀ ni. Ní 2015, Eiluned Pearce, Jacques Launay àti Robin Dunbar tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà tó ń gba ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù méje, àwọn kan ń kọ́ orin, àwọn yòókù ń kọ́ iṣẹ́ ọnà tàbí ìwé kíkọ. Àwọn akọrin ló kọ́kọ́ mọwọ́ ara wọn. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù lé wọn bá kí ẹ̀kọ́ tó parí, ṣùgbọ́n orin ló yára ṣílẹ̀kùn. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní tó ń wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì láìmọ ẹnikẹ́ni nílò irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, kuáyà sì ni ilẹ̀kùn tó pọ̀ jù lágbègbè yìí. Lọ́dọọdún, lásìkò ọjọ́ ìbí Pásítọ̀ Adébóyè tó jẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kẹta, wọ́n máa ń kọrin ìyìn ní Camp tọ̀sán tòru fún wákàtí tó bá iye ọdún rẹ̀ mu, ẹgbẹ́ akọrin kan ń gbà á lọ́wọ́ òmíràn. Ní oṣù kẹfà 2017, Nathaniel Bassey, tí òun náà jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Redeemed, bẹ̀rẹ̀ Hallelujah Challenge lórí Instagram ní ọ̀gànjọ́ òru, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń bá a kọrin láti yàrá wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dá wà nínú yàrá ṣùgbọ́n tó mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń lanu kọ orin kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà ti rí ẹlẹ́rìí. Bí a bá wá gbà pé àkọpọ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, a ó gbà pé ẹgbẹ́ onílù bàtá, ẹgbẹ́ akọrin mùsùlùmí, àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń fi gìtá kọrin lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì lè rí ìtura láti orísun kan náà.

Wákàtí tí orin ń dún náà ṣe pàtàkì, nítorí oorun wà lára ìpìlẹ̀ ìlera ọpọlọ. Ní 2008, László Harmat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hungary lo akẹ́kọ̀ọ́ 94 tí oorun kò dá lójú wọn dáadáa. Àwọn kan ń gbọ́ orin kílásíkà tó rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45 lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan ń gbọ́ ìwé àkàgbọ́, àwọn kan kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó gbọ́ orin sùn dáadáa sí i, àmì ìrẹ̀wẹ̀sì wọn sì dín kù. Ṣùgbọ́n ní 2021, Michael Scullin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Baylor ní Amẹ́ríkà rí òdìkejì rẹ̀: orin tó gbajúmọ̀, tó rọrùn láti há, tí èèyàn gbọ́ kó tó sùn a máa padà dún lórí rẹ̀ lóru, a sì máa bà á lóorun jẹ́, ó tilẹ̀ burú jù nígbà tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú orin náà. Bí a bá fi èsì méjèèjì lélẹ̀, ohun tó ń lé oorun ni bí orin ṣe yára tó àti bó ṣe ń há síni lórí. Ègbè orin ìyìn tó dùn, tó sì kúrú lè ṣe é bí orin ijó ṣe ń ṣe é. Èyí kan àgbègbè wa gbọ̀ngbọ̀n. Ìṣọ́ òru wà, gbohùngbohùn ilé ìjọsìn wà, jẹnẹrétọ̀ ń dún, pátì ọjọ́ Àbámẹ́ta wà ní Ifọ̀ bó ti wà ní Mówè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe ìṣọ́ òru lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó sì sùn lọ́jọ́ kejì, kò pàdánù púpọ̀. Ẹni tí gbohùngbohùn kò jẹ́ kó sùn lọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ kan yóò san án nínú ìwé rẹ̀ àti nínú ọkàn rẹ̀, ìbáà jẹ́ orúkọ Olúwa ni wọ́n ń pè nínú orin náà.

Àtakò àkọ́kọ́ tó yẹ ká dáhùn ni ti àwọn tó ní ọ̀rọ̀ inú orin kò ṣe é fojú fò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní 2003, Craig Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò márùn-ún tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó lé ní 500 kópa nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé orin tó kún fún ìwà ipá a máa fi kún èrò ìjà àti ìkanra lọ́kàn àwọn tó gbọ́ ọ, kódà nígbà tí orin náà bá ń panilẹ́rìn-ín. Nílé níbí, àjọ NBC ní kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má gbé orin Olámidé tí ń jẹ́ "Science Student" mọ́ ní 2018, nítorí ọ̀rọ̀ oògùn olóró inú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ìjọba fòfin de pípo omi ikọ́ tó ní codeine. Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ UNODC jọ ṣe sì fi hàn pé 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ọdún 15 sí 64 ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3 nìyẹn. Olórin kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́ ń gbọ́ lójoojúmọ́ lè sọ ohun tó burú di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Síbẹ̀, ohun tí Anderson wọ̀n ni èrò ojú ẹsẹ̀, kò wọ̀n ìṣe ọjọ́ pípẹ́. Bákan náà, ẹni tó ń pò oògùn láti fi pa ìrora ti ní ìrora náà kó tó gbọ́ orin. Ọ̀rọ̀ orin sì yàtọ̀ sí ẹ̀yà orin. Fújì tó ń gbani níyànjú wà, èyí tó ń sọ ìsọkúsọ wà. Tàkasúfèé tó ń yin igbó wà, èyí tó ń sọ ìyà òṣìṣẹ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ tó burú dúró, kó dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Bó bá fòfin de ẹ̀yà orin lódindi, yóò ti pa ohun tí ń tu àwọn kan lára mọ́ ohun tí ń ṣe wọ́n níbi.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ lágbègbè yìí. Onígbàgbọ́ yóò ní orin ẹ̀mí kì í ṣe orin lásán, ìjọsìn ni, àti pé ẹni tó bá ń fi ara yíyá àti àkọpọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó ń sọ. N kò bá a jiyàn lórí ohun tó gbà gbọ́. Ìgbàgbọ́ tó ní olúwarẹ̀ kì í ṣe ẹni àkọ̀sílẹ̀ lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ la ohun tó pọ̀ já, orin ni ó sì sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kó rò ni pé orin ìyìn náà ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà lò ó tí yóò fi pani lára. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọmọ pé ìbànújẹ́ jẹ́ àìnígbàgbọ́, yóò máa kọrin ayọ̀ sókè kí ẹnikẹ́ni má baà rí omijé rẹ̀. Ẹnu ń yin, inú ń jó. Alábòójútó yóò rí i pé ó ń gbọ́ orin tó tọ́, yóò sì kọjá lọ, nígbà tó jẹ́ pé orin ìbànújẹ́ kan ì bá ti pe àfiyèsí sí i. Bíbélì tí wọ́n ń kà ní Camp kún fún sáàmù ẹkún. Ẹni tó kó wọn jọ kò ka ẹkún sí ẹ̀ṣẹ̀. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ kí orin ẹ̀mí wo ọkàn sàn ní láti fi àyè sílẹ̀ nínú orin náà fún ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn.

Àtakò kẹta ni ti àwọn dókítà: pé bí a bá ń yin orin báyìí, ẹni tó ń ṣàìsàn yóò fi orin rọ́pò ìtọ́jú. Ìkìlọ̀ náà tọ́. Ní 2017, àgbéyẹ̀wò Cochrane, tó kó ìwádìí mẹ́sàn-án pọ̀ tí èèyàn 421 wà nínú wọn, rí i pé ìtọ́jú pẹ̀lú orin tí a fi kún ìtọ́jú tó ti wà dín ìrẹ̀wẹ̀sì kù láàárín ìgbà kúkúrú ju ìtọ́jú náà nìkan lọ. Ọ̀rọ̀ tó gbé ibẹ̀ ni "fi kún", àti pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló ń darí orin náà. Arò fúnra rẹ̀ ti fi irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ hàn. Láti 1954, dókítà ọpọlọ Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn láwọn abúlé ìtòsí ilé-ìwòsàn, ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó fi àjọṣe ṣe apá kan ìtọ́jú, kò sì pa oògùn tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè sùn tàbí jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tàbí tó ń sọ pé ikú yá ju èyí lọ, ti kọjá ohun tí orin nìkan lè gbé. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ti rọ́pò òfin "wèrè" tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, ó sì ka aláìsàn ọpọlọ sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́. Ohun tó kù ni kí ilé-ìwé jẹ́ kí ọmọ mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn, láìsí pé wọ́n pè é ní aláìgbàgbọ́ tàbí ọ̀lẹ.

Nígbà náà, kí ni àwọn tó ń ṣàkóso ọmọ lágbègbè yìí lè ṣe? Kí yunifásítì fi òfin lórí oorun ṣíwájú òfin lórí ẹ̀yà orin: kí gbohùngbohùn dákẹ́ lójú oorun, ìbáà jẹ́ ti pátì, ìbáà jẹ́ ti àdúrà. Kí kuáyà máa gba ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dùn pẹ̀lú, nítorí àkọpọ̀ ni oògùn inú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bùn. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ti kuáyà, kí àwọn náà ní ibi tí wọn yóò ti lùlù, tí wọn yóò ti jó. Kí alábòójútó kọ́ láti dá orin ìbànújẹ́ tó lẹ́lẹ́rìí mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Òbí náà níṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá bá ọmọ rẹ̀ nídìí fóònù nígbà ọlidé, tó ki íàpíìsì bọ etí méjèèjì, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni pé irú orin wo lò ń gbọ́ yìí. Kó mú un dání ná. Kó béèrè bí ọmọ náà ṣe sùn mọ́jú, kó béèrè ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, kó jókòó tì í, kó ní kó yọ íàpíìsì kan fún òun, kí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ orin náà títí yóò fi parí.